Láti Orí Kásẹ́ẹ̀tì Dé Inú Fóònù: Ìtàn Ìyípadà Fáìlì Fídíò àti Ohun tí Ó Ń Sọnù Lójú Ọ̀nà



Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta-gbangba wọ̀nyí ké sí mi, ohun tí wọ́n ń retí ni pé n óò sọ̀rọ̀ lórí ewì tàbí eré-oníṣe, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀ mí sí. Nígbà tí mo fi àkọlé ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́, ẹnì kan nínú wọn bi mí bóyá mo ti fi ìmọ̀ lítíréṣọ̀ sílẹ̀, tí mo wá di ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe. Mo dá a lóhùn pé n kò kúrò níbi tí mo wà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo nínú ẹkún ìyàwó kan ni ó fà mí dé ìdí ọ̀rọ̀ fáìlì fídíò. N óò dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí àwòrán tí ó ń rìn ṣe kúrò lára fíìmù gígùn tí a ń ká mọ́ kẹ̀kẹ́, tí ó gba orí kásẹ́ẹ̀tì àti àwo kọjá, tí ó fi wá di ohun tí ọmọ ilé-ìwé ń gbé sínú àpò ṣòkòtò.

Ayé Fíìmù àti Ayé Kásẹ́ẹ̀tì

Ní 1976 ni Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, fíìmù tí a fi èdè Yorùbá ṣe, tí Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde. Owó kékeré kọ́ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà. Wọn a ra fíìmù ní òkè òkun, wọn a yàwòrán nílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì tún kó o padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́. Nígbà tí ó bá sì parí tán, olówó eré a gbé e sínú ọkọ̀, a máa gbé e káàkiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo fíìmù ni yóò dìde lọ bá fíìmù níbi tí ó wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ, ìtàn bí fíìmù ṣe kọ́ láti máa tẹ̀ lé ènìyàn ni.

Kásẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ Sony gbé Betamax jáde ní Jàpáánù ní 1975. Ní 1976, ilé-iṣẹ́ JVC gbé VHS jáde. VHS ni ó borí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òun náà ni ó sì gba ilé wa kan. Kí á má tan ara wa jẹ: olè wà nínú àwọn tí kásẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ ṣe láǹfààní. Ní 1982 ni Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá, gbé Ọ̀run Móoru jáde lórí fíìmù. Àwọn oníjìbìtì dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á kiri nígbà tí ẹni tí ó ni ín ṣì ń wá owó tí ó ná padà. Gbèsè tí èyí kó ọkùnrin náà sí kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn eré-oníṣe Yorùbá, ẹ máa ń kọ èyí sí abẹ́ ìwà ọ̀daràn, ẹ kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ tún kọ ọ́ sí abẹ́ ohun mìíràn: ìyípadà láti ìrísí kan sí òmíràn ni. Fíìmù fẹ̀, ó mọ́, ó wúwo. Kásẹ́ẹ̀tì kéré, ó ṣú díẹ̀, ó fúyẹ́. Àwọn tí ó rà á mọ̀ pé ó ṣú. Wọ́n rà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé dé ní 1986, tí iye náírà já wálẹ̀, fíìmù kọjá agbára àwọn eléré wa, wọ́n sì yí padà sí fídíò. Ohun tí olè fi ba ẹnì kan jẹ́ ni àwọn yòókù fi rí oúnjẹ jẹ.

Ìṣòro kan wà pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀ mọ́. Bí o bá da ẹ̀dà kọ láti ara ẹ̀dà, tí ẹlòmíràn tún da tìrẹ kọ, bí ó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ojú ènìyàn a máa yọ́ mọ́ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ìṣòro kejì kan àwọn ará wa tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ìlànà PAL ni amóhùnmáwòrán tiwa ń lò nígbà náà: ìlà 625, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlànà NTSC ni ti Amẹ́ríkà nígbà náà: ìlà 525, ìwọ̀n àwòrán 30. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ọ̀hún kì í bá ẹ̀rọ ilé mu. Mo rántí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí ọmọ rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó ní ìlú Houston, tí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Gbogbo ilé jókòó. Àwòrán ń yí sókè, ó dúdú, ó funfun, ìlà ń sáré kọjá lójú ìyàwó. Màmá wò ó tán pátápátá, wọ́n sì dìde, wọ́n ní òjò mà pọ̀ níbi ìgbéyàwó náà o. Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ tí ó lè pààrọ̀ NTSC sí PAL fi iṣẹ́ náà jẹun fún ọdún púpọ̀.

Àwo, àti Ọgbọ́n Ìfúnpọ̀

Ní 1993 ni ilé-iṣẹ́ Philips, Sony, Matsushita àti JVC fi ẹnu kò lórí ìlànà àwo tí a ń pè ní VCD. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwo náà ti ń lé kásẹ́ẹ̀tì kúrò ní ọjà wa. Níbí ni mo ti fẹ́ kí á dúró díẹ̀, nítorí pé ibí ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwòrán ti yàtọ̀ pátápátá sí ti àtijọ́.

Àwòrán VCD ní ìlànà PAL jẹ́ píksẹ́lì 352 ní ìbú àti 288 ní òòró. Píksẹ́lì ni ẹyọ àmì àwọ̀ tí ó kéré jù lọ nínú àwòrán, bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ ṣe wà lára adé. Bí a bá sọ 352 di ìlọ́po 288, 101,376 ni yóò jẹ́. Irú rẹ̀ 25 ni ó sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, àní lẹ́yìn tí a bá ti dín àkọsílẹ̀ àwọ̀ kù, yóò gbà tó bíìtì mílíọ̀nù 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àyè tí VCD fi sílẹ̀ fún àwòrán kò ju mílíọ̀nù 1.15 lọ. Ìdá kan nínú ìdá 26 ni a rí kọ. Báwo ni a ṣe wá ń rí àwòrán níbẹ̀?

Ọgbọ́n méjì ni. Àwa tí a máa ń da orin Yorùbá kọ sílẹ̀ ti mọ ọ̀kan. Bí a bá ń kọ orin tí ó ní lílé àti ègbè, a kì í kọ ègbè náà ní àkọtúnkọ. A ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà a ó kàn máa kọ ‘Ègbè’, òǹkàwé yóò sì mọ ohun tí yóò fi dí àlàfo náà. Bẹ́ẹ̀ ni fídíò ṣe rí. A ó kọ odindi àwòrán kan. Nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e, ohun tí ó bá yí padà nìkan ni a ó kọ. Ògiri kò rìn, nítorí náà a kò ní kọ ògiri mọ́. Apá òṣèré ni ó gbé sókè, a ó kọ ibi tí apá náà lọ.

Ọgbọ́n kejì ṣòro díẹ̀. Nasir Ahmed, tí a bí ní Índíà, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni ó ro ó ní 1972, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974. A ó gé àwòrán sí igun-mẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì 8 ní ìbú, 8 ní òòró. Dípò kí a kọ àwọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú 64 náà, bí àwọ̀ ṣe ń yí padà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì ni a ó kọ: ìyípadà tí ó lọ́ra, àti ìyípadà tí ó yára. Èyí tí ó yára jù ni ó gbé àwọn nǹkan kéékèèké dání, irun, ìlà aṣọ, ilà ojú. Ojú ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka àìsí wọn sí. Nítorí náà, bí àyè kò bá tó, àwọn ni a ń kọ́kọ́ jù nù.

Mo bẹ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìṣirò yìí gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń pinnu ohun tí a lè yọ kúrò láìbà iṣẹ́ jẹ́, olóòtú ni a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ tiwa. Àwọn onímọ̀ MPEG, ẹgbẹ́ tí Leonardo Chiariglione ará Ítálì àti Hiroshi Yasuda ará Jàpáánù dá sílẹ̀ ní 1988, kò ní lọ́kàn láti jẹ́ olóòtú ẹkún ìyàwó. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dì sí ìwé ní ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń pinnu, nínú ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn, ohun tí yóò kù nínú iṣẹ́ apohùn wa.

VCD kan kò lè gbà ju ìwọ̀n ìṣẹ́jú 74 lọ. Ẹ rántí bí fíìmù wa ṣe máa ń já sí àwo méjì, tí a ó dìde lọ pààrọ̀ àwo ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbóná. Ẹni tí ó bá sì fi àwo náà sínú kọ̀ǹpútà yóò rí àpò kan tí a ń pè ní MPEGAV, nínú rẹ̀ ni yóò ti rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AVSEQ01.DAT. Òun ni fíìmù náà. Kò sí ẹ̀rọ àpò kan nígbà náà tí ó fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí.

Ẹ̀rọ Àpò

Ní oṣù kẹwàá 2005 ni ilé-iṣẹ́ Apple gbé iPod tí ó lè fi fídíò hàn jáde, ojú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 320 sí 240. Díẹ̀ nínú àwọn ará wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston rà á. Àwa tí a wà nílé, ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà ni a mọ̀, tí wọ́n kọ ‘MP4’ sí lẹ́yìn. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, a máa ń wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kò ro ọmọ yìí rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lè ṣí fáìlì MP4. Ìrísí kan tí ó ń jẹ́ AMV ni wọ́n mọ̀, tí àwòrán rẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ. Wọ́n kàn rí i pé ẹ̀rọ orin ti ń jẹ́ MP3, wọ́n fi oókan kún un. Àwọn méjèèjì kò sì tẹ̀ lé ara wọn bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò: MP3 jẹ́ ìlànà ohùn nínú iṣẹ́ MPEG àkọ́kọ́; MP4 jẹ́ àpótí, tí wọ́n gbé ka orí àpótí QuickTime tí Apple ti ṣe ní 1991.

Mo ní àpótí. Ó yẹ kí n ṣe àlàyé, nítorí ibí yìí ni àṣìṣe púpọ̀ ti ń wáyé. AVI, MP4, 3GP, orúkọ àpótí ni gbogbo wọn. Ohun tí ó wà nínú àpótí ni àwòrán àti ohùn tí a ti fi ìlànà kan tàbí òmíràn fún pọ̀. Nígbà tí fóònù bá kọ fáìlì, ó lè jẹ́ pé àpótí ni kò mọ̀; ó sì lè jẹ́ pé ó mọ àpótí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè tí a fi di ẹrù inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, a lè kó ẹrù náà sínú àpótí mìíràn láìfọwọ́ kan ohun kan nínú rẹ̀, kò sì ní dín. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, a ní láti tú ẹrù náà palẹ̀, kí a tún un fún pọ̀ ní ọ̀nà mìíràn, olóòtú kejì yóò sì yọ nínú ohun tí olóòtú àkọ́kọ́ ṣẹ́ kù. Èyí tí ó fi ṣẹlẹ̀ sí VCD wa nìyẹn, nítorí pé àwọn fóònù ìgbà náà kò gbọ́ MPEG-1.

3GP ni èdè àwọn fóònù náà. Àjọ 3GPP tí ó ń ṣètò fóònù alágbèéká ni ó ṣe é. Àwòrán rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ píksẹ́lì 176 sí 144, èyí tí ó jẹ́ ìdá mẹ́rin VCD gẹ́lẹ́. Ohùn rẹ̀ ni kí a fiyè sí jù. Ìlànà AMR ni wọ́n sábà máa ń fi di ohùn náà, ohùn ènìyàn tí ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni wọ́n sì ṣe AMR fún. Ẹ̀ẹ̀mejì ẹgbàajì ìgbà, ìyẹn 8,000, ni ó ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun tí ó bá sì ga ju ìgbì 3,400 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kò rọ́nà kọjá. Fún ẹni tí ó ń pe ará ilé rẹ̀ láti béèrè iye tí gààrí dé, ó tó.

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, àti ní iwájú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogbo, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin gbé kọ̀ǹpútà sábẹ́ agbòòrùn, wọ́n ń gbé fíìmù sí mẹ́mọ́rì káàdì. Ọ̀pọ̀ nínú ètò kọ̀ǹpútà ìyípadà tí ó wà láyé ni wọ́n kọ́ sórí FFmpeg, tí Fabrice Bellard ará Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 2000, tí ó sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. N kò kẹ́gàn àwọn ọ̀dọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò wọn: VCD kan ju mẹ́gábáìtì 600 lọ. Bí a bá sọ ìṣẹ́jú 74 rẹ̀ di 3GP tí ó ń gba bíìtì 100,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò ní ju mẹ́gábáìtì 56 lọ. Fíìmù mẹ́tàdínlógún yóò wọ káàdì kékeré tí ó gba gígábáìtì kan. Ẹni tí kò ní iná mànàmáná nílé, tí kò ní amóhùnmáwòrán, wá ní ilé sinimá nínú àpò.

Ṣùgbọ́n mo rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń wo Sáworoidẹ lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀. Túndé Kèlání ni ó darí fíìmù náà ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó mọ̀ pé ìlù kan ni ó gbé ìtàn náà ró, ìlù tí a so ṣaworo idẹ mọ́, àti pé ìró ìlù yìí ni ó pa ọba tí kò ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kí ó tó dé adé. Mo gba ohun-ìgbọ́rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà. Lọ́jọ́ náà, ìlù ń ró bí ẹni tí ń lu páálí nínú omi, ṣaworo kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí pé orí ibi tí AMR ti ń gé ni ìró idẹ ń gbé. Ọba kú, n kò sì gbọ́ ohun tí ó pa á. Mo bi ọmọ náà bí ó ṣe rí i. Ó ní, ‘Ó dùn gan-an ni, sà.’

Ayé ti yí kúrò níbẹ̀. Ìlànà H.264, tí ó jáde ní 2003, ni fóònù gbogbo wá gbọ́ nígbà tí ó yá, ẹnikẹ́ni kì í sì í sábà gbé fáìlì lọ fún ẹni tí yóò yí i padà mọ́. Ilé-iṣẹ́ Funai ti Jàpáánù ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ VHS ní 2016. Apple fi òpin sí iPod ní 2022. Èyí kò sọ pé ìyípadà ti parí. YouTube àti WhatsApp ń yí fídíò padà fún wa láìbéèrè.

Ọ̀rọ̀-Ìṣe Kan

Ní 1994, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ fún oyè kejì, mo yá kámẹ́rà VHS, mo sì gbé e lọ sí ìlú kan ní agbègbè Òkè-Ògùn. Ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní 70 ọdún jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́ta, ó sì sun ẹkún ìyàwó fún mi bí ó ṣe sun ún nígbà tí òun ń lọ sílé ọkọ. Ìṣẹ́jú 52 ni. Ìyá náà kú ní 2001. N kò tíì gbọ́ ẹkún ìyàwó mìíràn tí ó tó o.

Ní 2007, mo rí i pé nǹkan funfun bí ẹfun ti ń hù lára kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo gbé e lọ sí ilé ìtajà kan, wọ́n bá mi sọ ọ́ di VCD méjì. Mo fún ọmọ ìyá náà ní ọ̀kan, mo tọ́jú ọ̀kan. Kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, wọ́n ní àwọn ti kó o dànù pẹ̀lú àwọn mìíràn tí olówó wọn kò wá gbà. Oṣù márùn-ún ni mo fi pẹ́, nítorí náà n kò lè di gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n. Ní 2009, mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ VCD mi di 3GP, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gbé e lórí fóònù. Mẹ́gábáìtì 39 ni ó jẹ́. Inú mi dùn. Láti fóònù dé fóònù ni wọ́n fi Bluetooth gbé e káàkiri, kò sì yí padà bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń ṣe: ohun tí ó sọnù níbẹ̀ sọnù fún gbogbo wọn bákan náà. Kò pẹ́ tí ojú VCD tèmi fi ṣí, tí ẹ̀rọ kankan kò fi lè kà á mọ́.

Ní 2012, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé ìwé àpilẹ̀kọ oyè kejì rẹ̀ wá. Orí kẹrin rẹ̀ dá lórí ibì kan nínú ẹkún ìyàwó yìí tí ìyàwó ti sọ nípa baba rẹ̀ pé ‘kò fẹ́ mi’. Láti ibẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé pé ẹ̀sùn wà lábẹ́ ẹkún náà, pé ọmọbìnrin tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ń yin àwọn òbí rẹ̀ ń sọ fún ayé pé wọ́n ta òun dànù ni. Ó kọ ọ́ dáadáa. Olùdánwò tí ó wá láti ìta yìn ín. Èmi náà gbọ́ ibẹ̀ lórí fóònù tèmi kí n tó fọwọ́ sí i, ‘fẹ́’ ni mo sì gbọ́.

Ní 2016, mo ń wá nǹkan mìíràn nínú àwọn ìwé ìléwọ́ mi àtijọ́, mo bá rí ojú-ìwé tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ tí a ká ẹkún náà sílẹ̀. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni ‘kò sẹ́ mi’.

Ẹ wo ohun tí ó wà láàárín méjèèjì. Baba tí kò fẹ́ ọmọ, ọmọ ń fi í sùn ni. Baba tí kò sẹ́ ọmọ, ọmọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ó ń rántí àwọn tí baba wọn sẹ́. Ohùn kò lè yà wọ́n fún wa, nítorí pé ohùn òkè ni àwọn méjèèjì. Fáwẹ̀lì ibẹ̀ kan náà ni. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni ó kù. Ariwo tí a fi ń mọ /s/ sì ga ju ìgbì 3,400 lọ; ibi tí AMR ti ń gé gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Gbogbo ẹni tí ó ti gbìyànjú láti pe orúkọ tí ó ní /s/ tàbí /f/ fún ẹlòmíràn lórí fóònù mọ̀ bí ó ṣe ń rí. Àwòrán ńkọ́? Bí a bá pe /f/, ètè ìsàlẹ̀ yóò kan eyín òkè. Bí a bá pe /s/, kò ní kàn án. Ẹni tí ó bá rí ẹnu ìyá náà yóò mọ̀. Mo ṣí 3GP náà lórí kọ̀ǹpútà, mo sì kà á: ojú ìyá náà kò ju píksẹ́lì 15 lọ ní ìbú, ẹnu rẹ̀ lódindi kò sì kún igun-mẹ́rin 8 sí 8 kan. Ètè àti eyín ti di àwọ̀ kan náà.

Ìwé ìléwọ́ mi kò lè dá ẹjọ́ náà. Ọmọ ọdún 24 ni mo jẹ́ nígbà tí mo kọ ọ́, ìmọ́lẹ̀ fìtílà ni mo fi kọ ọ́, mo sì ti ka ìwé púpọ̀ tí ó sọ pé ìyàwó a máa yin àwọn òbí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí n ti gbọ́ ohun tí mo ń retí. Mo mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára àwọn ẹlòmíràn. Kò sí ìdí tí n kò fi ní fura sí i lára ara mi.

Ní 2017, mo padà lọ sí ìlú náà, mo bi ọmọ ìyá náà léèrè VCD tí mo fún un ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó wò mí títí. Ó ní, ‘Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ní kí n má jẹ́ kí ó sọnù ni, bọ̀dá?’ Abẹ́ aṣọ nínú àpótí ni ó ti mú un jáde, ó fi ọ̀rá méjì wé e, fọ́tò ìyá rẹ̀ ni ó fi tẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ VCD wọn ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, wọn kò lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Odindi alẹ́ kan ni kọ̀ǹpútà fi kà á. Ó ń dúró, ó ń tún ibì kan náà kà, ó sì sọ ìṣẹ́jú díẹ̀ nù ní ìparí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kejìdínlógójì, níbi tí gbólóhùn náà wà, jáde pé. Àwòrán rẹ̀ kò tíì tó ohun tí mo lè fi búra. Ohùn rẹ̀ dá ṣáká. Bí ìgbà tí ènìyàn bá ya aṣọ tuntun ni /s/ náà ṣe dún: sẹ́.

Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹni tí òun náà ti di olùkọ́ níbòmíràn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, ‘Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, sà, kí n gbọ́ ọ fúnra mi.’ Mo ti fẹ́ẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí fóònù kí n tó rántí pé ọ̀nà yẹn yóò tún un fún pọ̀. Mo da fáìlì náà kọ bí ó ti wà, mo sì fi rán ẹni tí ó ń lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó kọ̀wé sí mi pé òun gbọ́ ‘sẹ́’, pé kí a bá òun lẹ ojú-ìwé kan mọ́ iwájú ẹ̀dà àpilẹ̀kọ òun tí ó wà ní ilé-ìkàwé. Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò tíì kọ ìbéèrè tí òun béèrè ní orí kẹrin sílẹ̀, pé gbólóhùn yìí nìkan ni òun gbà pé kò lè gbé e ró. N kò bá a jiyàn. Ojú-ìwé náà wà níbẹ̀, orúkọ èmi náà sì wà lórí rẹ̀, nítorí pé èmi ni mo fi 3GP kọ́ ọ.

Mo gbé fáìlì méjèèjì wá: èyí tí ó ti ara VCD jáde, àti 3GP ti 2009. Ẹ ti mọ ohun tí ìyá náà sọ báyìí, nítorí náà ẹ kò ní lè gbọ́ 3GP náà bí akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun ni a ó kọ́kọ́ gbọ́. Láti ìṣẹ́jú kejìdínlógójì ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn tí ó jókòó nítòsí ògiri bá wa pa fáànù.